Ọ̀rọ̀ Íńdíà Nínú Ìwé Ìran Màmá

Ẹ̀mí kì í dúró de ẹni tó ń wá pẹ́ńsù. Màmá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fi òwú so pẹ́ńsù tèmi kọ́ ọrùn, tí mo ń gbé e kiri bí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí mo ń fa omi nínú kànga ni o, bí mo ń gbá àgbàlá ni o, bí mo tilẹ̀ lọ sí ṣáláńgá ni o, pẹ́ńsù wà lọ́rùn mi. Ẹni tí kò bá mọ ilé àdúrà lè máa rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré. Aríran ni Màmá, bí Ẹ̀mí bá sì gbé e, kì í mọ ohun tó ń sọ. Ara rẹ̀ á gbọ̀n, á na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọ̀rọ̀ á sì máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdúró. Bí ó bá tán, á nu ojú, á wò yíká, á ní, "Ọma mi, kí ni mo fọ̀?" Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló lè dá a lóhùn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, èmi ni ẹni náà.

Ilé Màmá kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Òrè kọjá, ní apá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Odìgbó. Kò sí ìgbà tí ilé náà dákẹ́ rí. Tírélà tó ń bọ̀ láti Benin á bẹ̀rẹ̀ sí í yí jíà láti òkè, páànù ilé ìdáná wa á sì máa gbọ̀n. Àwọn ọmọ ọlọ́kọ̀ ń pe èrò. Agogo ilé àdúrà á dún ní aago márùn-ún àárọ̀, ní méjìlá ọ̀sán, ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Màmá á sì fi ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ wà lórí iná. Láàárín gbogbo ariwo wọ̀nyí ni ìró odó wà. Oko Màmá wà ní Ajue, kòkó àti ẹ̀gẹ́ ló gbìn síbẹ̀, ọjọ́ Sátidé sì ni ẹ̀gẹ́ máa ń dé. A ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fún un, a ó sù ú róbótó, a ó tò ó sórí àjà iná kí èéfín máa là á kọjá. Púpurú nìyẹn, oúnjẹ àwa Ìkálẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti dúdú kúrò kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tó rò ó, kí á tó fi ọbẹ̀ marúgbó gbé e mì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn èéfín igi níbikíbi, ebi á kọ́kọ́ pa mí kí n tó ronú pé bóyá ilé ẹnìkan ló ń jó. Màmá ní ẹni tó bá ha púpurú láìfọkàn sí i, eyín rẹ̀ ló máa sọ fún un.

Iṣẹ́ akọ̀wé ìran ní òfin tirẹ̀. Ìkálẹ̀ ni Màmá fi ń ríran, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Akọ̀wé ìjọ, tó jẹ́ tíṣà, kò gbà kí Ìkálẹ̀ wọ inú ìwé ìran. Yorùbá inú Bíbélì ló fẹ́. Nítorí náà bí Màmá bá ní "ulé", èmi á kọ "ilé". Bó bá ní "ọma", èmi á kọ "ọmọ". Bó bá ní òun fọ̀, èmi á kọ ọ́ pé ó sọ. Nígbà mìíràn, á sọ èdè Ẹ̀mí, èyí tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ láyé, òfin ìyẹn ló sì le jù: bí etí bá ṣe gbọ́ ọ ni kí ọwọ́ kọ ọ́, kí n má yọ, kí n má fi kún un. Inú ilé ni ó ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ìran rẹ̀, lákòókò àdúrà àárọ̀, àwọn ni mo sì ń kọ sínú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta kan. Ní gbogbo Sátidé ni mo ń gbé ìwé náà lọ fún Bùrọ̀dá Akọ̀wé, kí ó lè kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré kiri ní pápá, èmi ń kọ ohun tí ọ̀run ń sọ. Ẹ fojú inú wo bí mo ṣe ń gbéra ga láàárín wọn.

Ọdún yẹn gan-an ni Màhéṣì dé. Ará Íńdíà ni, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní apá Omifunfun. Àwọn ará ìlú rẹ̀ yòókù ń gbé inú ọgbà ilé iṣẹ́ náà, mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá kan. Òun nìkan ló jáde wá yàrá sáàárín ìlú, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Yàrá ẹ̀yìn wa ló gbà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ó sì ń wọ jígí tí wọ́n fi wáyà so apá rẹ̀ kan. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Íńdíà, èmi àti Màmá nìkan la ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn kan lákọ̀ọ́kọ́, kò ba ilé tiwa, nítorí pé ohun gbogbo tó ń ṣe jọ tiwa. Ó ń bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Àwa náà kì í wọ bàtà lọ sí ilé àdúrà. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í fọwọ́ kan ẹyin. Màmá ní ààwẹ̀ ni, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó gba ààwẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láìráhùn. Nígbà tí Màhéṣì gbìyànjú láti gba ẹnu mi ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé àwọn láti ayé bàbá ńlá àwọn nìyẹn, Màmá mi orí, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í fọn fèrè sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkòkò kékeré se marúgbó tí kò ní ẹja nínú fún un lọ́tọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fi púpurú bọ́ ọ, ó ranjú mọ́ ọn, ó sì jẹ ẹ́ tán. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, á wẹ̀, á lọ jókòó sórí ògbólógbòó odó kan tí a dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé. Á di ojú. Á fi ìka méjì máa lu itan. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lóhùn ìsàlẹ̀. Kì í ṣe orin bí a ṣe mọ orin, nítorí kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, nítorí ó ń tò ó, ìparí ọ̀rọ̀ kan ń dún bí ìparí èkejì. Á sáré, á dúró lójijì, á padà sẹ́yìn, á tún un sọ lọ́nà mìíràn, á mi orí bí ẹni tí kò fara mọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Gbólóhùn kan wà tó máa ń padà sí ṣáá: mẹ ṣúpù hun. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Íńdíà nígbà náà ni fíìmù tí wọ́n ń fi hàn nílé aládùúgbò wa, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń sáré yí igi ká, tí ogún ènìyàn sì ń bá wọn jó. Kò sí ijó nínú èyí. Mo máa ń lọ gbá ẹ̀yìn ilé nígbà tí ẹ̀yìn ilé ti mọ́ tẹ́lẹ̀, kí n lè gbọ́. Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé Ẹ̀mí tó ń gbé Màmá ló ń gbé ọkùnrin yìí náà?

Mo bi í léèrè. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé mi àti píjìn tí òun kọ́ ní ibùdókọ̀ Òrè la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe àdúrà, ó ní hípọ́ọ̀pù ni. Ẹ̀rín pa mí. Hípọ́ọ̀pù tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn tó ń ta àwo orin máa ń gbé sókè ní ìkóríta, tí àwọn tó kọ ọ́ ń fi mọ́tò àti góòlù ọrùn wọn yangàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé àwọn, àwọn ọmọ ìlú ńlá ló ń ṣe é, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Òun wá láti ìlú kékeré kan tí kò ní ju oko ìrèké àti ibùdó rélùwéè lọ, ohùn òun kò jọ tiwọn, wọ́n sì ti sọ fún òun pé ẹni tó ń kọ hípọ́ọ̀pù kì í jókòó máa bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo ní kí ló ń bi ara rẹ̀? Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún, ó ní orin náà kò tíì pé, bó bá pé òun á sọ fún mi. Ẹ sọ irú ìyẹn fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ẹ wá wò ó bóyá á lè jókòó jẹ́ẹ́.

Bí mo ṣe mú pẹ́ńsù ọrùn mi nìyẹn. Iṣẹ́ náà ti mọ́ mi lára: bí etí bá ṣe gbọ́ ọ ni kí ọwọ́ kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná tí mo ń fi lẹ́tà Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ Màhéṣì sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, nítorí Bùrọ̀dá Akọ̀wé kì í gba ohun tí kò bá lámì. Èrò mi ni pé bí mo bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Ẹ̀mí tí Màmá ń sọ, màá rí i bóyá wọ́n jọra. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: inú ìwé ìran ni mo kọ ọ́ sí. Kò sí ìwé mìíràn tó ṣófo lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Màmá ti ọ̀sẹ̀ yẹn ti parí, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, mo sì fi sọ́kàn pé màá fà á ya kó tó di Sátidé. Ẹ̀gẹ́ tó dé láti Ajue ní Sátidé yẹn pọ̀, gbogbo ilé dìde sí i. Nígbà tí mo fi rántí ìwé, oòrùn ti ń wọ̀, mo gbé e, mo sáré, mo fi lé Bùrọ̀dá Akọ̀wé lọ́wọ́, mo sì sáré padà sídìí ẹ̀gẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun wa. Bùrọ̀dá Akọ̀wé ka ìran Màmá, nípa òjò tó máa pẹ́ àti aboyún kan tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé, ó sún jígí rẹ̀ sókè, ó kéde pé èdè Ẹ̀mí ló kàn, ojú ewé méjì gbáko. Bí mo ṣe gbọ́ hípọ́ọ̀pù Màhéṣì lẹ́nu tíṣà nìyẹn, tó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ka Sáàmù, tó ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo àmì tí mo fi sí i. Ó ní, "Mẹ ṣúpù hun," ìjọ ní, "Àmín." Ó yẹ kí n dìde, n kò dìde, ìka ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. N kò sì ní purọ́ fún yín: apá kan wà lára mi tó ń fetí sí i, tó ń wò ó pé ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn ún gbọ́ nínú ilé ńlá.

Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ wa, ló ní ẹ̀bùn ìtumọ̀. Ó dìde, ó di ojú, ó pẹ́ lórí ìdúró, ó wá ní ìtumọ̀ ti dé. Ó ní àjèjì kan ń gbé lábẹ́ òrùlé aríran yìí, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́ máa sọ ilé náà dahoro, kí ó jáde kí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó dé. N kò rò nígbà náà pé ó ń purọ́, n kò sì rò bẹ́ẹ̀ báyìí tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ. Ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ó ti gbọ́ ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ náà ti ń kọ ọ́ lóminú. Ohun tó bá wà lọ́kàn ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ dé ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe rí: ọ̀rọ̀ ẹnu Màhéṣì ni wọ́n fi ń lé Màhéṣì jáde, èmi nìkan ni mo sì mọ̀.

Ó dun Màmá. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Báwo ni òun ṣe máa wá bá ẹnu ara òun jiyàn? Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé oúnjẹ fún Màhéṣì ná, ó jẹ́ kó jẹun tán, ó wá sọ fún un pé kó wá ibòmíràn kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Kò sọ ìdí, Màhéṣì náà kò sì béèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó lọ sí ibi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn mi kò dára. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn sínú ìwé Ọlọ́run, wọ́n á gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mò ń rò lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn náà ni mò ń rò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú mo rí Màhéṣì tó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú páálí bisikíìtì, tó ń ká a dáadáa, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ló ń padà sí. Ìgbà yẹn ni ìdí tó fi sá kúrò níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: kò sí àyè níbẹ̀ tí ó ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Màmá jókòó kojú síra wa, à ń ha púpurú. Mo ha ẹyọ kan títí ó fi kù bí ọsàn wẹ́wẹ́. Màmá wò ó, ó bi mí bóyá inú rẹ̀ ni mò ń wá. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kì í ṣe tiyín. Ti Bùrọ̀dá Màhéṣì ni. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ti ń dúró de ìgbátí, n kò rí i. Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni, mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó bi mí pé kí ni mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá Ẹ̀mí kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì. Ó wò mí títí, ó ní ìbéèrè yẹn kò burú, ibi tí mo kọ ọ́ sí ló burú. Ó fọ ọwọ́, ó ró ìró rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ gba ìwé ìran padà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Akọ̀wé.

Nígbà tí Màhéṣì dé ní aago mẹ́rin, Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó, ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ náà fún Màhéṣì. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Màhéṣì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ibì kan wà tí mo fi àlàfo sí, nítorí pé tírélà ló kọjá lọ́jọ́ tí mo ń kọ ọ́. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dí i, lóhùn kékeré, ó sì mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ. Mo kà á tán. Ó ní kò sí ẹni tó tíì kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ rí, òun pàápàá kì í kọ ọ́, orí lòun ń kó o sí. Màmá ní kí n bi í ní ìtumọ̀. Ó lọ́ra, ó ń wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi Ìkálẹ̀ sọ ọ́ fún Màmá. Ó ní mẹ ṣúpù hun, ìyẹn mo dákẹ́. Bàbá mi kú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí, mo dákẹ́. Ìyá mi ń pè, ó ń béèrè bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹ, lẹ́yìn ìyẹn mo dákẹ́. Ẹ̀rọ ń pariwo láti àárọ̀, mo dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ yìí, ta ló ń bẹ̀rù? Ibẹ̀ ni ó dúró sí. Ó ní ìdí tí kò fi tíì pé nìyẹn, òun kò tíì mọ ìdáhùn.

Màmá ní, "Sọ fún un pé àdúrà ni." Màhéṣì ní kì í ṣe àdúrà, òun kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé àwa náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà la mọ̀. Kó tú ẹrù rẹ̀."

Màhéṣì lo oṣù mẹ́jọ mìíràn lọ́dọ̀ wa kí iṣẹ́ tó gbé e lọ. Ọmọ mi àgbà ló bá mi wá a kàn lórí fóònù ní ìjelòó, lẹ́yìn tí mo ti tẹ orúkọ rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà láìrí i. Ohùn rẹ̀ ti wúwo sí i, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Kò sí mọ́tò nínú àwòrán rẹ̀, kò sí góòlù, oko ìrèké ni, àti ọwọ́ kan tó ń fi ìka méjì lu itan. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò pọ̀, ó dà bíi pé àwọn ará ìlú ńlá kò tíì pè é sí ẹgbẹ́ wọn. N kò mọ ohun tó ń sọ nínú orin kankan, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, tí mò ń gbìyànjú láti mọ ibi tó ti ń bi ara rẹ̀ léèrè. N kò tíì gbọ́ ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn láàárín wọn. Bóyá kò pé títí di òní, bóyá ó sì ti rí ìdáhùn tí kò fẹ́ kí aráyé gbọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ kúkurú sísàlẹ̀ orin rẹ̀ kan, ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì. Kò tíì dáhùn.

Ṣùgbọ́n ká padà sí ọdún yẹn: lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ tí mo ka ọ̀rọ̀ Màhéṣì fún un, Màmá dìde nínú ìjọ kí wọ́n tó ka ìran kankan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹ kà lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe tèmi. Ti ayálégbé mi ni. Ọmọ mi ló kọ ọ́ síbi tí kò yẹ. Ọkùnrin náà kò ní jáde nílé mi." Gbogbo ilé kùn. Ó yé gbogbo wa pé kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó fi wewu yẹn, ti Bàbá Alàgbà náà ni, nítorí ó ti túmọ̀ ohun tí kì í ṣe èdè Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n Bàbá Alàgbà kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Ó fi pẹ̀lẹ́ gba ìwé ìran lọ́wọ́ Màmá, ó ní, "Ìyá, ẹ kì í gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ọdún méjì ni ọmọ yìí ti ń kọ ọ́ fún yín. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú gbogbo ohun tí a ti kà?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yẹn, bàbá àti ìyá mi ti ránṣẹ́ láti Èkó pé kí n padà wá sọ́dọ̀ àwọn. Màmá kò sọ pé kí n lọ, kò sì sọ pé kí n má lọ, ó kàn ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan nínú ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Ẹ̀mí gbé e, ó sọ̀rọ̀ nípa kòkó àti òjò, mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo fi ìlà kan kún un: kí wọ́n má ṣe mú ọmọ tó ń kọ̀wé nínú ilé yìí kúrò níbẹ̀. Wọ́n kà á ní ìjọ, ìròyìn dé Èkó, bàbá mi ní òun kò lè bá Ọlọ́run jà. Kò sí ẹni tó mọ̀ láyé. Ìka Bàbá Alàgbà ń sún mọ́ ojú ewé náà, mo sì rò pé bí ó bá dé ibẹ̀, gbogbo ìjọ ló máa rí i lójú mi. Màmá kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bí a ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí." Wọ́n tì í mọ́ àpótí. Wọ́n ní kí Màmá fi ìran rírí sílẹ̀ títí ìjọ á fi gbàdúrà sí i, kí n bọ́ pẹ́ńsù ọrùn mi, wọ́n á yan akọ̀wé mìíràn. Wọn kò tíì sọ tán tí Màmá fi dìde níwájú, tó lọ jókòó sórí ẹní ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ìyá tí kì í ríran.

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ilé, láìwọ bàtà, létí ọ̀nà márosẹ̀. Mò ń sunkún, n kò fẹ́ kó rí i. Mò ń dúró kó bi mí nípa àwọn ìran yòókù, mo ti ń to irọ́ tí màá pa sílẹ̀, mo sì ti ń kórìíra ara mi nítorí rẹ̀. Kò béèrè. Ó di ọwọ́ mi mú, tírélà méjì kọjá, a kọjá sí òdìkejì. Nígbà tí a fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Ìran kan wà nínú ìwé yẹn tí mo mọ̀ pé n kò fọ̀. Èyí tó ní kí o má padà s'Ékòó."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo bi í bí ó ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé kì í gbọ́ ara rẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni," ó ní. "Ohun tí mo bá fẹ́, Ọlọ́run kì í sábà fọ̀ ọ́."